Máyọ̀kún Ní Búlúù Ni

"Ṣèyí, ṣé o ń bọ̀ ni àbí o ò bọ̀?"

Jésùlayọ̀mi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó ti wọ bùláùsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí gbogbo ọmọbìnrin SS3 fẹnu kò sí. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago méjì ni ayàwòrán yóò ya kíláàsì wọn ní Ibafo, fọ́tò ìdágbére tí yóò wọ inú ìwé ìrántí ilé-ìwé, ọkùnrin náà sì ti sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé òun kì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré," ni Ṣèyífúnmi wí, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Príńtà ló tẹjú mọ́.

Àǹtí Folúkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà ní Mowe, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdà. Lọ́dún 2008 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ aláwọ̀ rẹ̀ nìkan ló wà ní gbogbo àdúgbò náà. Tòkunbọ̀ ni, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ tónà, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ inú rẹ̀, kò ní í ṣiṣẹ́ fún èèyàn lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ máa kùn fúnra rẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Nígbà náà ló ń wọn àwọ̀ rẹ̀ wò. Á tẹ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọ̀ mẹ́rin tó ní sórí bẹ́líìtì kan nínú rẹ̀, ojú kékeré kan tó wà níbẹ̀ á sì wò wọ́n bóyá wọ́n pọ̀ jù tàbí wọ́n kéré jù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kí Àǹtí Folúkẹ́ tó wọ mọ́tò lọ sí Ifọ̀ láti lọ kí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó bímọ, ó ti kì í nílọ̀.

"Tónà yẹ́lò ti ń tán lọ. Èyí tí Hàkímù rọ fún wa wà nínú dúrọ́ọ̀. Kì í ṣe ojúlówó, o mọ̀, torí náà fi sùúrù bá a lò. Fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kékeré inú ẹ̀rọ yẹn, jẹ́ kó wọn ara rẹ̀ tán, kí o tẹ ẹyọ kan, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó wà lára ògiri. Bí wọn ò bá jọra, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè mí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ṣé èmi náà ni ẹ ń sọ fún, Àǹtí?" Ṣèyífúnmi rẹ́rìn-ín. "Mo lè di ojú ṣe é."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, gbogbo òpópó náà ló sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, nítorí pé àǹtí rẹ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà kan lọ láìsọ ọ́ fún un.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò le. Ṣáàtì méjìlá, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, fún ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni, àwọ̀ mẹ́jọ lórí ṣáàtì kọ̀ọ̀kan, róbótó róbótó, tí orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lédè Òyìnbó. Ṣùgbọ́n yẹ́lò tán. Ó pààrọ̀ rẹ̀, kò nu ojú ẹ̀rọ. NEPA mú iná, ó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ kùn, ó wọn ara rẹ̀ tán, ó tẹ ẹyọ kan jáde. Ṣèyífúnmi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ara ògiri, èyí tí wọ́n fi ojúlówó tónà tẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dé.

Wọn ò jọra. Àwọ̀ ewé ti di búlúù tó mọ́lẹ̀, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Pupa ti di pínńkì. Yẹ́lò sì dà bí ògì tí wọ́n bu omi sí jù.

Ó rí i. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn níhìn-ín, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà: ojú rẹ̀ méjèèjì ló fi rí i. Ó tún tẹ bọ́tìnì pé kí ẹ̀rọ wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ṣèyí! Ọ̀kadà ti ń dúró o! Wọn ò ní í ya òmíràn fún wa mọ́. O fẹ́ kí wọ́n máa wo ìwé ìrántí lọ́jọ́ iwájú kí wọ́n ní, ta ni Ṣèyífúnmi, kò sí níbẹ̀?"

"Àwọ̀ rẹ̀ ni kò tíì dára."

Jésùlayọ̀mi wọlé, ó wo ìwé náà fìrí. "Kí ló ṣe é? Wọ́n ṣáà kọ 'Green' sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára ni wọ́n fẹ́ lò ó fún. Ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣèyífúnmi tẹ bọ́tìnì pupa, ìkùn náà dá, ó sì tẹ méjìlá jáde bó ṣe rí. Ó ká wọn, ó fi rọ́bà dè wọ́n, ó sì gbé wọn fún Ìyá Máyọ̀kún, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, pé bí Àǹtí Mùnírátù, olùkọ́ àwọn ọmọ náà, bá dé kó bá òun fún un. Ó ju èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ sábẹ́ páálí ìwé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, atẹ́gùn ojú ọ̀nà márosẹ̀ ń fẹ́ sí i létí.

Fọ́tò náà dára gan-an. Iwájú ni wọ́n fi í sí, ó sì rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn.

Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí Folúkẹ́ fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó kan, ojú ìyàwó sì jáde bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ó ránṣẹ́ pe Hàkímù tó ń rọ tónà fún wọn láti Ibafo. Hàkímù ṣí inú ẹ̀rọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan. Tónà tí à ń rọ yìí, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lọ, ó máa ń fò. Èyí tó fò ti lẹ̀ mọ́ ojú tó fi ń wo àwọ̀. Ibi yòówù kó wò báyìí, yẹ́lò ló ń rí. Ó wá ń rò pé yẹ́lò ti pọ̀ jù, ló bá ń dín in kù. Bí yẹ́lò ò bá sì tó, gíríìnì yín á di búlúù."

Ó fi aṣọ gbígbẹ nu ojú náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún sún yẹ́lò sókè díẹ̀. Nígbà tó tẹ ìwé jáde, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ti ara ògiri.

"Ṣèyí, ṣé o nù ún lọ́jọ́ Sátidé?" Àǹtí Folúkẹ́ béèrè.

"Mo nù ún, mà."

"Ṣáàtì ilé-ìwé yẹn ńkọ́? Ó jáde dáadáa?"

"Ó jáde dáadáa, mà."

Irọ́ méjèèjì yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń kí èèyàn ẹ kú àárọ̀. Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìwé méjìlá àti ìbáwí bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìbá ná an. Ṣùgbọ́n Hàkímù wà níbẹ̀, ó sì ti máa ń pè é ní ẹnjiníà. Ojú tì í láti jẹ́ ẹni tí kò lè nu dígí kékeré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó sì ti ń gbàgbé.

Máyọ̀kún, ọmọ aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wọn, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bó bá ti ilé-ìwé dé, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí. Òun ni ìyá rẹ̀ máa ń rán sí páálí òwú, kò sì sí àwọ̀ tí kò mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kó mú búlúù, á bi yín pé búlúù wo, ti ọ̀run ni àbí ti yúnífọ́ọ̀mù.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Ìbíwùnmí, yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Folúkẹ́. Tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Àǹtí Folúkẹ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan. Wọ́n ní ọmọ mi ò dá àwọ̀ mọ̀ o."

"Máyọ̀kún wo? Èyí tó ń bá yín mú òwú?"

"Òun náà ni. Àǹtí wọn ní bí gbogbo kíláàsì bá ní gíríìnì, tirẹ̀ ni búlúù. Bí wọ́n bá ní rẹ́ẹ̀dì, á ní irọ́ ni, pínńkì ni. Wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀ títí, kò yí i padà. Mo ní ó mọ̀ ọ́n nílé. Wọ́n ní bóyá ibi tí òwú kọ̀ọ̀kan máa ń wà nínú páálí ló mọ̀, pé kì í ṣe àwọ̀." Ó fi etí ìró nu ojú. "Wọ́n láwọn ò ní í jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Prámárì Wáànù àfi bí dókítà ojú bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́bọ̀ yìí la ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ìyá ọkọ mi ní ìdílé àwọn ò ní irú ẹ̀ rí, pé kí n lọ wá a sí ìdílé tèmi."

"Ẹ má sọkún. Ọlọ́run á bá wa ṣe é."

Ṣèyífúnmi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì. Fọ́tò kíláàsì wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ há fún wọn wà lára kọ̀ǹpútà níbi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì rí ara rẹ̀ níwájú tó ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Máyọ̀kún ń sọkún, Àǹtí Folúkẹ́ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, Ṣèyífúnmi sì rò ó pé: báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde báyìí kí n ní èmi ni? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ojú rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tan ara rẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń ti ilé-ìwé bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ó gbọ́ ohùn wọn kó tó dé ojú fèrèsé. Àǹtí Mùnírátù fi igi tọ́ka sí róbótó kẹta lórí ṣáàtì, ogún ọmọ sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Gíríìnì!" Ó tún tọ́ka sí i. "Gíríìnì!" Búlúù ni. Láti ìta níbi tó dúró sí, láìsí pé ó ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní í rí i pé búlúù ni.

Máyọ̀kún nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì. Kò sunkún. Ó ń wo ṣáàtì náà tojútojú, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan sórí. Bó ṣe yíjú báyìí, ó rí Ṣèyífúnmi lójú fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn. Ó juwọ́ sí i.

Ṣèyífúnmi sá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu kẹ̀kẹ́ Márúwá lójú títì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní orí ń fọ́ òun, àǹtí rẹ̀ sì lọ ra oògùn fún un, ó tún bù ú lómi mu. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó lo oògùn orí tí kò fọ́ ọ, ó sì kórìíra ara rẹ̀.

Ọjọ́rú ni aṣọ tí Ṣèyífúnmi fi bo ọ̀rọ̀ náà ṣí kúrò.

Ìyáàfin Kúlúsúmù tó ń ta gáàrí gbé aṣọ àwọ̀ ewé kan wá pé etí rẹ̀ tú, òun sì máa dúró gbà á. Ìbíwùnmí jókòó sídìí ẹ̀rọ. Pákó lásán ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, Ṣèyífúnmi sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Máyọ̀kún, mú gíríìnì wá fún mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Gíríìnì ni, Mọ́mì."

"Máyọ̀kún, wò ó dáadáa. Mo ní gíríìnì."

"Gíríìnì nìyẹn. Àǹtí wa ní gíríìnì nìyẹn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Nígbà tí ohùn Ìbíwùnmí tún jáde, kò jọ ohùn rẹ̀ mọ́. "Ìyáàfin Kúlúsúmù, ẹ wò ó, búlúù ló mú wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní ó mọ̀ ọ́n nílé, mo bá wọn jà, mo pariwo lé olùkọ́ lórí. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ojú ọmọ mi ti lọ!" Ó sì bú sẹ́kún.

Ṣèyífúnmi wá gbọ́ ohùn Máyọ̀kún, jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Mi ò ní í pè é ní búlúù mọ́."

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Ṣèyífúnmi ò lo oṣù kan. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi páálí ìwé, ó fa ṣáàtì àkọ́kọ́ yẹn yọ lábẹ́ rẹ̀, ó já ìwé ara ògiri, ó sì jáde. Níwájú Ìyáàfin Kúlúsúmù àti àwọn tó ń kọjá lọ, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Mọ́mì Máyọ̀kún, ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Èmi ni, mà. Èmi ni mo ba ṣáàtì jẹ́." Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Èyí ni gíríìnì. Èyí tí mo tẹ̀ fún ilé-ìwé wọn nìyí. Búlúù ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Máyọ̀kún ti ń sọ òótọ́ fún wọn."

Àǹtí Folúkẹ́ ti jáde sẹ́yìn rẹ̀. Ìbíwùnmí wo ìwé kan, ó wo èkejì. Ó fi ìka pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé, ó tún un wò.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń kánjú lọ ya fọ́tò ni."

"O jókòó sínú ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀."

"Mo jókòó, mà."

Ṣèyífúnmi retí kí ó gbá òun létí. Ìbá sàn fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi àgbọ̀n lé e lórí, ó sì ń wo Ṣèyífúnmi bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyáàfin Kúlúsúmù ló mí kanlẹ̀. "Ọmọ aláìmọ̀wé nìkan ló wo àwọ̀," ni ó wí. "Gbogbo àwa tó mọ̀wé, ìwé là ń kà."

"Dìde," ni Àǹtí Folúkẹ́ sọ. Kò pariwo. "Lọ nu ojú ẹ̀rọ."

Ó nù ún níwájú gbogbo wọn. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ló mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe mọ: kò tó nǹkan kan. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe kúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, Ṣèyífúnmi àti Ìbíwùnmí ti gbé ṣáàtì tuntun méjìlá dé ilé-ìwé náà. Àǹtí Mùnírátù kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn pé kò sí ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́, pé ó kàn ṣá díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sún mọ́ wọn. Ó fi ọwọ́ bo orúkọ ìsàlẹ̀, ó tún un wò, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ sílẹ̀.

"Yéè, mo gbé," ni ó wí. "Orúkọ ni mò ń kà. Mi ò wo àwọ̀ rí."

Ó pe Máyọ̀kún síwájú. Ó tọ́ka sí róbótó kẹta lórí ṣáàtì àtijọ́. "Máyọ̀kún, ọkọ mi, kí ni èyí?"

Ọmọ náà ò wo ṣáàtì. Ó wo ẹnu Àǹtí Mùnírátù. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo Ṣèyífúnmi, tó ń wá bí ilẹ̀ ṣe máa lanu gbé òun mì. Ó wá fi ohùn tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ sọ pé, "Gíríìnì."

Àǹtí Mùnírátù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, olùkọ́ tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà ń bẹ̀rù. "Búlúù ni. Ìwọ lo tọ̀nà, èmi ni mo ṣì ọ́ kọ́. Dákun, má bínú." Máyọ̀kún mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó tún wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó tún máa yí i padà.

Wọn ò lọ sí Abẹ́òkúta mọ́, orúkọ Máyọ̀kún sì wà lára àwọn tó lọ sí Prámárì Wáànù. Àǹtí Folúkẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Ṣèyífúnmi títí sáà náà fi parí, kò sì fi kọ̀ǹpútà tó fẹ́ lọ kà yangàn fún oníbàárà kankan mọ́. Ìyẹn dun Ṣèyífúnmi ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tó gbé ka ara rẹ̀ lórí fúnra rẹ̀ ni pé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó ń jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú Máyọ̀kún, páálí òwú láàárín wọn. Bó bá gbé òwú kan sókè, ọmọ náà á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kó tó dáhùn. Ní Sátidé àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìkejì bẹ́ẹ̀ ni. Ìbíwùnmí ń ránṣọ lókè orí wọn, kò bá a sọ̀rọ̀ ju "o káàsán" lọ.

Ní Sátidé karùn-ún, Ṣèyífúnmi ń to òwú sínú páálí, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbòmíràn. "Bá mi mú búlúù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn," ni ó wí.

Máyọ̀kún mú òwú náà, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. "Àǹtí Ṣèyí! Èyí kì í ṣe búlúù. Pọ́pù ni! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìbíwùnmí bẹ̀rẹ̀ wo òwú elésè àlùkò náà, ó wo Ṣèyífúnmi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn sì ni ó rẹ́rìn-ín sí i. Ṣèyífúnmi kò lè rẹ́rìn-ín padà. Ó ń sunkún.

"Ìwọ lo tọ̀nà," ni ó wí. "Èmi ò wò ó dáadáa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, "ta ló máa mọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju tónà tí kì í ṣe ojúlówó lọ. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ yín kò tọ́, ẹ tún un ṣe. Bó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ẹlòmíràn, tó lè kéré jù yín lọ, ni yóò máa jìyà ìtìjú tí ẹ̀yin ń sá fún. Ojú ẹ̀rọ, aṣọ gbígbẹ àti ìṣẹ́jú mẹ́rin ti tó o. Ojú ọmọdé tí a ti kọ́ pé kó má gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́, Sátidé márùn-ún ló gba Ṣèyífúnmi.